Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ará Filipínì: ṣé ó yẹ kí wọ́n fi òfin mú ọmọ tí kò bọ́ òbí rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Manila

Ẹ kú ilé o. Quezon City ni mò ń gbé. Ilé tá a jọ háyà, àwọn ọmọ onílùú tó ń ṣiṣẹ́ call centre ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láti oṣù keje 2025 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn, mo sì fẹ́ mọ ohun tí ọmọ Yorùbá máa sọ sí i. Sẹ́nétọ̀ Panfilo Lacson gbé àbádòfin kan wá pé òbí tó ti darúgbó tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, tí kò sì lè dá bùkátà ara rẹ̀ gbọ́, lè pe ọmọ tó lágbára tí kò tọ́jú rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ náà lè di owó ìtanràn, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n. Bí ìròyìn yẹn ṣe jáde báyìí, Facebook gbaná.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń gbowó iṣẹ́ níbí, ọjọ́ 15 àti ìparí oṣù. Alẹ́ ọjọ́ 15, ẹ wá wo ilé ìdáná wa. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò kaná, fóònù ló ń kọ́kọ́ jáde, wọ́n á máa fi GCash, áàpù owó orí fóònù, fi owó ránṣẹ́ sílé. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ àkọ́bí, ará Hagonoy ní Bulacan. Á fi ti ìyá rẹ̀ ránṣẹ́, á fi owó iléèwé àbúrò ránṣẹ́, á san owó iná ilé bàbá, á wá wo ohun tó kù, á rẹ́rìn-ín, á sọ̀ kalẹ̀ lọ ra núdùù ẹyọ kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà. Òun gan-an ló ń pariwo jù pé òfin yẹn kò dáa. Ẹni tó ń jà fún òfin náà ni ọkùnrin kan tí mi ò rí i kó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé rí.

Nọ́ọ̀sì_Croydon

Èyí tí mo mọ̀ nìyí. Wọ́ọ̀dù wa níbí, tẹ́ ẹ bá kó àwa ọmọ Nàìjíríà, àwọn ará Íńdíà àti àwọn ará Filipínì kúrò níbẹ̀, àwọn aláìsàn ló máa máa fún ara wọn lábẹ́rẹ́.

Ẹnì kan nínú àwọn ará Filipínì yẹn ni mo bá gbé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Páálí ńlá kan wà ní igun pálọ̀, mi ò rí i kó kúrò níbẹ̀ rí. Bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn á dé. Balikbayan box ni, páálí ẹrù tí àwọn tó wà lókè òkun fi ń ránṣẹ́ sílé. Bó bá rí ọṣẹ tí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀, ó di inú páálí. Corned beef, ṣokoléètì, ìpara, táwẹ̀lì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ìwé, ó fi bírò yí i ká, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè mọ bàtà tó máa wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí páálí bá kún, àwa méjèèjì la máa jókòó lé e lórí kí ìdérí tó lè pa dé, ká tó fi téèpù wé e bí òkú. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ, ó sì lè tó oṣù méjì kó tó dé.

Ẹ má fọwọ́ kan páálí yẹn o. Ní 2015, kọ́sítọ́ọ̀mù wọn ní àwọn fẹ́ máa tú u yẹ̀ wò. Ariwo tí àwọn tó wà lókè òkun pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ débi pé Ààrẹ ìgbà náà, Aquino, fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jáwọ́. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe òfin pé ẹrù ọdún kan tí kò bá ju 150,000 péésò lọ kò ní san owó ibodè.

Àgbà_Òṣogbo

Òkété bó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mi ò rí ohun tó burú nínú òfin yẹn. Ẹni tó bímọ, tó tọ́mọ, tó ta ilẹ̀ rán ọmọ níléèwé, ṣé kó wá máa ṣagbe lójú ọmọ ni? Ọmọ tó dáa kò ní í bẹ̀rù òfin. Ẹni tó ń bẹ̀rù, a mọ ìdí.

Ṣadé_Kò_Gbà

Ẹ kú àgbà, bàbá. Ṣùgbọ́n ta ló fi ọmọ òkété sẹ́wọ̀n rí?

Bàbá tó bímọ mẹ́rin sílẹ̀ tó sá lọ fẹ́yàwó míì ńkọ́? Ìyá tó ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú owó tí ọmọ ń fi ránṣẹ́? Ẹ̀yin àgbà á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo òbí ló jẹ́ òbí. Ìfẹ́ kọ́ ni wọ́n ń fi ọlọ́pàá gbà, owó ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúkú pè é ní owó orí.

Àgbà_Òṣogbo

Ọmọ mi, bí o bá bímọ, a jọ máa sọ̀rọ̀ yìí.

Ṣadé_Kò_Gbà

Mo ti bí méjì, ẹ̀yin bàbá wa. Mi ò bí wọn ṣe owó ìfẹ̀yìntì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Manila

Ohun tí Ṣadé sọ yẹn ni wọ́n ń bi ara wọn níbí gẹ́lẹ́. Wọ́n ní èrò kan tó lágbára, utang na loob, gbèsè oore, pé oore tí òbí ṣe fún ọ kò ṣeé san tán. Àwọn ọ̀dọ́ ò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kan ti sọ ọ́ di gbèsè tó ní èlé.

Ẹ rántí ọdún 2024 tí Carlos Yulo gba góòlù méjì ní Paris? Ọjọ́ méjì tẹ̀ léra wọn ló gbà á, kò sí ọkùnrin Filipínì kankan tó gba góòlù Òlíńpíìkì rí kó tó dórí rẹ̀. Kí wọ́n tó yọ̀ tán, ìjà òun àti ìyá rẹ̀ lórí owó ti gba orí Facebook kan. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá eré ìdárayá yẹn ń fò ni tàbí ó ń yí, ó ti ní ìdájọ́ tirẹ̀: ọmọ kò moore, ìyá ti ṣàṣejù. Gbogbo ilé ló rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, òfin ti wà tẹ́lẹ̀. Family Code wọn ti 1987 ti sọ pé òbí àti ọmọ gbọ́dọ̀ máa gbọ́ bùkátà ara wọn. Ẹ̀wọ̀n ni tuntun. Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Arúgbó tí kò ní nǹkan kan, ìjọba ń fún un ní 1,000 péésò lóṣù. 500 ni tẹ́lẹ̀, òfin 2022 ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kílò ìrẹsì kan wà láàárín 40 sí 50 péésò lọ́jà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìrẹsì nìkan, láìsí ẹja, láìsí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Manila, owó ojúmọ́ tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ di 695 péésò ní oṣù keje 2025.

Ọmọbìnrin Hagonoy yẹn sọ ọ́ lọ́jọ́ kan bó ṣe ń fọ abọ́: "Ìjọba ò tọ́jú ìyá mi, wọ́n wá fẹ́ mú èmi tí mò ń tọ́jú rẹ̀." Kò sẹ́ni tó fèsì.

Àyìndé_Ojúelégba

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Kí ni bàbá ń ṣe tí ọmọ fi ń san owó iná?

Akẹ́kọ̀ọ́_Manila

Jíípì ló ń wà. Jeepney, ìwọ gan-an á fẹ́ràn rẹ̀, o ò ní í mọ̀ pé o kúrò nílé. Jíípì ológun Amẹ́ríkà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fà gùn, tí wọ́n kùn láwọ̀ mèremère, tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ àti orúkọ ẹni mímọ́ sí lára. Kò sí kọ̀ńdọ́. O wọlé látẹ̀yìn, o na owó sí ẹni iwájú rẹ, òun náà á nà án síwájú, títí á fi dé ọwọ́ dírẹ́bà, ṣéńjì á tún gba ọwọ́ gbogbo èèyàn padà wá bá ọ. Mi ò tíì rí i kó sọnù.

Láti 2017 ni ìjọba ti ní kí wọ́n pa àwọn ògbólógbòó yẹn tì, kí wọ́n ra tuntun tí kò ní máa rú èéfín. Èéfín burú lóòótọ́, mo ń fa á sínú. Àmọ́ tuntun yẹn lé ní 2 mílíọ̀nù péésò. Wọ́n ní kí àwọn dírẹ́bà dara pọ̀ di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, gbèdéke rẹ̀ pé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2024. Bàbá ọmọbìnrin yìí ní òun kò lè jẹ gbèsè kú. Ó gbé jíípì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé. Nígbà náà ni owó iná di ti ọmọ.

Àyìndé_Ojúelégba

Ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Ẹlẹ́nu_Dídùn

Ẹ má bínú o, mo fẹ́ béèrè nǹkan pàtàkì. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi ṣúgà sínú sìpàgẹ́tì?

Nọ́ọ̀sì_Croydon

Òótọ́ ni. Ní ilé, kẹ́ṣọ́ọ̀pù ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n á gé họ́ọ̀tì dọ́ọ̀gì sí i wẹ́wẹ́, wọ́n á rọ́ ṣíìsì lé e lórí. Jollibee náà ń ta á, ó ti wà ní Earl's Court ní London láti 2018, adìẹ wọn dùn ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ, mo ti sọ ọ́. Sìpàgẹ́tì yẹn ní tirẹ̀, mo jẹ ẹ́ nítorí ìwà ọmọlúàbí.

Tọ́lá_Deira

Dùbáì ni mo wà, àwọn ará Filipínì la jọ wà ní yàrá kan, wọ́n sì ti kọ́ mi ní karaoké tipátipá. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń bọ́ òbí, ẹ ò tíì sọ ti ọmọ tí òbí ń fi owó ìlú bọ́. Ìyẹn gan-an ló gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kan ní 2025.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ 28 oṣù keje, Ààrẹ Marcos dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó ní kí ojú tì wọ́n, pé owó tí wọ́n ní kí wọ́n fi dí ẹ̀kún omi ti wọ àpò àwọn kan. Ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni omi ti gbé ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó tú u síta pé iṣẹ́ tó sún mọ́ 10,000 ni wọ́n ti gbé jáde láti 2022, owó tó lé ní 545 bílíọ̀nù péésò, àti pé agbaṣẹ́ṣe 15 péré ló gbé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Ó ní kí ará ìlú máa yẹ iṣẹ́ àdúgbò wọn wò lórí ìkànnì kan, kí wọ́n fẹjọ́ sùn. Ará ìlú yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́! Wọ́n ń gbé fóònù lọ síbi tí wọ́n ní wọ́n mọ odi sí, wọ́n ń ya koríko.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ ojú íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò dúró de ilé ẹjọ́. Wọ́n lọ sí ojú ìwé àwọn ọmọ agbaṣẹ́ṣe àti ọmọ olóṣèlú, àwọn tí wọ́n ń pè ní nepo baby: báàgì tí owó rẹ̀ tó ilé, ọkọ̀ òfuurufú àdáni, oúnjẹ àárọ̀ ní Paris. Wọ́n gbé fọ́tò báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyá arúgbó tó wà lórí òrùlé nínú omi. Kò pẹ́ táwọn ọmọ yẹn fi ń pa àkáǹtì wọn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbaṣẹ́ṣe kan wà tó ti sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nígbà kan pé Rolls-Royce òun, agbòòrùn tó wà nínú rẹ̀ ló wu òun tí òun fi rà á. Fídíò àtijọ́ yẹn jáde padà. Ẹ gbọ́ ná, ní ìlú tí òjò ti ń lé èèyàn kúrò nílé, agbòòrùn!

Àwọn tá a jọ wà ní yàrá, wọn kì í gbọ́ ìròyìn tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, wọn ò sùn mọ́.

Amòfin_Ṣakí

Mo fẹ́ bá Tọ́lá jiyàn. Ọmọ ọdún ogún tó gbé báàgì tí bàbá rà fún un, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ òfin? Ìgbẹ́jọ́ kò tíì wáyé, ẹ ti dá a lẹ́jọ́. Lónìí ọmọ agbaṣẹ́ṣe ni. Lọ́la, ẹnì kan máa gbé fọ́tò ìgbéyàwó tìrẹ síta, á ní ibo lo ti rówó.

Tọ́lá_Deira

Ẹ̀gbọ́n, ìgbẹ́jọ́ wo? Ilé ẹjọ́ tó máa gba ọdún mẹ́wàá? Mi ò sọ pé kí wọ́n ti ọmọ mọ́lé. Mo ní kó yéé fi í yangàn.

Ṣadé_Kò_Gbà

Ẹ wò ó, òfin Lacson ní kí ọmọ máa ru òbí. Kí wọ́n ṣe ìkejì rẹ̀: kí ọmọ tó bá òbí jẹ owó ìlú bá a dá a padà.

Amòfin_Ṣakí

Ìyẹn ò nílò òfin tuntun, Ṣadé. Ohun tí wọ́n bá fi owó jíjí rà, ìjọba lè gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà. Ilé ẹjọ́ ni kó ṣe é, kì í ṣe TikTok.

Akẹ́kọ̀ọ́_Manila

Mo wà níbí nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti Bulacan, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti rùn jù, ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin tí mò ń sọ ti wá. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, Ààrẹ fúnra rẹ̀ lọ sí Baliwag lọ wo odi odò kan tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó ti parí, tí wọ́n sì ti san nǹkan bí 55 mílíọ̀nù péésò lé e lórí. Kò sí odi. Kò sí bíríkì kan. Ní oṣù kan ṣáájú rẹ̀, ní Malolos tí kò jìnnà síbẹ̀, omi wọ ṣọ́ọ̀ṣì Barasoain lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Tọkọtaya náà ò dá ọjọ́ míì. Ìyàwó ń wọ́ aṣọ funfun gbọọrọ nínú omi lọ síwájú pẹpẹ, gbogbo ayé rí fọ́tò yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà ni wọ́n ti dá orílẹ̀-èdè olómìnira wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1899.

Ní Hagonoy, omi òkun ń wọlé láìdúró de òjò. Owó tí ọmọbìnrin wa ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń fi ṣe. Wọ́n fi ń bu yanrìn àti sìmẹ́ǹtì gbé ilẹ̀ilé sókè. Ó fi fọ́tò hàn mí: wọ́n ti gbé ilẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí fèrèsé fi kan orúnkún, bàbá rẹ̀ sì ń tẹ̀ wọlé ní ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé odi ń bọ̀.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, òun náà lọ fẹ̀hónú hàn lórí owó odi yẹn ní EDSA, òpópónà ńlá kan ní Manila. Iṣẹ́ alẹ́ ló ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́, ó wọ aṣọ funfun, ó lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ yẹn ni, ọjọ́ tí wọ́n ń rántí ìjọba ológun tí Marcos bàbá kéde ní 1972. Ní EDSA ibẹ̀ náà ni ogunlọ́gọ̀ ti lé e lọ ní 1986. Ọmọ rẹ̀ ló wá wà lórí àga báyìí, òun náà ló sì kọ́kọ́ ní kí ojú ti àwọn olè. Ẹ wá bá mi túmọ̀ ìyẹn.

Kò sí wàhálà ní EDSA. Lọ́nà Mendiola ni wọ́n ti sọ òkúta, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 200, àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn.

Ìkọ̀_Ọba

Ẹ kò sọ̀rọ̀ Duterte, tó ṣe ààrẹ ṣáájú Marcos yìí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague ní oṣù kẹta 2025, ó sì tún wọlé ìbò olórí ìlú Davao látinú àtìmọ́lé ní oṣù karùn-ún. Àwọn tí wọ́n ń pè ní olè lónìí ni wọ́n tà á. Nígbà tirẹ̀, ta ló jẹ́ jí

Alábòójútó

Ìkọ̀_Ọba, mo ti gé e níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Duterte ní ojú ewé tirẹ̀, ẹ lọ jà á níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ibí wà lórí ọmọ àti òbí.

Tọ́lá_Deira

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ omi ti tán: oṣù kọkànlá, ìjì Tino kọ lu Cebu, èèyàn tó kú lórílẹ̀-èdè wọn lé ní 200. Gómìnà Cebu kọ ọ́ sí Facebook pé bílíọ̀nù 26 péésò ni wọ́n ní àwọn ná lórí dídí omi ní ìpínlẹ̀ òun. Ẹnì kan ní yàrá wa, ará Cebu ni. Ó pe ilé ní gbogbo òru, kò wọlé. Nígbà tó fi wọlé láàárọ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ó ti jẹun.

Àgbà_Òṣogbo

Ìyá ni wúrà. Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ọmọ gbọ́dọ̀ tọ́jú òbí, ṣùgbọ́n ìjọba tí kò lè mọ odi tó gbowó rẹ̀, mi ò mọ ojú tó fẹ́ fi mú ọmọ ẹlòmíràn lọ sẹ́wọ̀n.

Ṣadé_Kò_Gbà

Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ jẹ́ n kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí.

Amòfin_Ṣakí

Ìbéèrè kan. Ìjọba tó ń pariwo ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe òun ló ń kó àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ sókè òkun?

Akẹ́kọ̀ọ́_Manila

Òun ni. Láti òfin òṣìṣẹ́ 1974 ni wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba, nígbà Marcos bàbá. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé gba báńkì ní 2024 jẹ́ nǹkan bíi 34.5 bílíọ̀nù dọ́là. Ní ojú ìjọba, akọni ni wọ́n. Ní ojú ilé, ẹ̀rọ ATM.

Ẹlẹ́nu_Dídùn

Kérésìmesì wọn ńkọ́? Mo gbọ́ pé oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Croydon

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni orin Kérésìmesì ti bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wọn, òfin 1975 ní agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó oṣù kẹtàlá kí ọjọ́ 24 oṣù kejìlá tó pé. Àwa tá a wà lókè òkun, kò sẹ́ni tó ń san kẹtàlá fún wa, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé ló ń retí rẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì wá mọ̀, ó fi mí ṣe ìyá ìsàmì fún ọmọ rẹ̀, ninang ni wọ́n ń pè mí. Mo rò pé oyè ni. Bí Kérésìmesì bá dé, gbogbo ọmọ ìsàmì ló ń wá gba owó, àwọn míì á ti fi nọ́ńbà GCash ránṣẹ́ lórí Messenger láti oṣù kọkànlá, àwọn ninang àti ninong, bàbá ìsàmì, á máa sá pamọ́ kiri.

Tọ́lá_Deira

Ṣé wọ́n ti fi tirẹ ránṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Croydon

Ọmọ náà ò tíì pé ọdún kan, ó ti ní nọ́ńbà.

Àyìndé_Ojúelégba

Ẹ kú ìnáwó o, ìyá ìsàmì 😂